Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Ìyá Mi Fi Sílẹ̀

Ìyá mi kò fi sùúrù kú. Ó gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kalẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Arámọkọ, ó fi aṣọ funfun bo ẹnu rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ìjọ tó ń lọ kò gba ọtí láàyè. Omi àgbàdo ni òun ń pè é, àlùfáà wọn kì í sì í kọjá níwájú ilé wa láìyà wá kí omi àgbàdo náà.

Nínú agbolé wa, ẹni tó bá gbé ọtí kalẹ̀ nìkan ló ń ṣí i. Ìyá mi a máa fi etí ti ìkòkò. Bó bá ṣì ń hó, á ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó bá dákẹ́, á rọra dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí bó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò kan.

Ìkòkò ṣì ń hó nígbà tí a sin ìyá mi. Àwọn tó wá kí wa ń yọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ń lọ tọ̀. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ Àlàájì, tí kò fi ọtí kan ẹnu rí, ló ń fi etí ti ìkòkò jù. Ó ní òun kàn ń wò ó bóyá ara rẹ̀ yá.

Nígbà tí ìkòkò dákẹ́, mo gbé asẹ́. Bàbá mi ti gbé àpótí síwájú ìkòkò, ó jókòó tì í.

"Kò sẹ́ni tó máa ṣí i nínú ulé yìí," ó ní. "Ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò tí ì sọ pé ó yá."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yọ fóònù, ó kà á pé ọtí lè wà nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́. Mo ní ike tí wọ́n dé pinpin, tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìkòkò tí alángbá ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bàbá mi ní ká gba ohun tí fóònù wí. Fóònù kan náà ti sọ fún un pé kó dín iyọ̀ kù, kò gbà á gbọ́.

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọtí ló ń ṣọ́. Èyí tí ìyá mi ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Bí a bá mu ún tán, ó parí. Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, tí bàbá mi sì mu ún, ṣé ká tún gbẹ́ ilẹ̀ míì ni?

Nígbà tí òórùn kíkan gba ilé ìdáná, tí eṣinṣin ń ṣèpàdé lórí aṣọ, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló pè mí pé kí n ṣí i. Mo wo ojú ọtí náà dáadáa. Kò hu funfun, kò yọ̀, ó kàn kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Bàbá mi mu ún, ojú rẹ̀ sì kákò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dà á nù.

"Ká ní ó wà ńbí ni," ó ní, "ì bá ti bú mi."

Ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó bú u. Mo bá fi ọwọ́ ti ìbàdí bí ìyá mi ti máa ń ṣe, mo gbé ohùn rẹ̀ wọ̀.

"Bàbá olóríkunkun yìí, ẹ ti ba ọtí mi jẹ́."

Ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó na ife sí mi.

"Tún un sọ," ó ní.