Ta Ló Ní Kí Wọ́n Ṣí Òkè Lọ́jọ́ Tí Ọláṣùpọ̀ Kú?

Ọláṣùpọ̀, àbúrò mi, ti kú. Igi ló wó lù ú nínú ìjì lórí òkè Harz ní Jámánì, ní oṣù kejì ọdún 2005, níbi tó ti ń wá ọmọdé méjì tí kùrukùru ká mọ́bẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Àwọn ọmọ náà yè. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà wà láyé, ara wọn le, wọ́n sì ti kọ̀wé sí Fẹ̀hìntọlá, ìyàwó rẹ̀ ní Hellersdorf, ní Berlin, pé ọkọ rẹ̀ kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ìjì tó dé. Ẹ gbà mí o! Ọláṣùpọ̀ wo ni kò kìlọ̀?

Ẹ̀ṣọ́ àwọn tó ń ṣe síkì ni. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gòkè láàárọ̀ lọ wo ojú ọjọ́. “Ẹ̀gbọ́n,” ló máa ń wí fún mi, “ẹ má jẹ́ kí oòrùn ìsàlẹ̀ tàn yín.” Tó bá ti rí i tí atẹ́gùn ń gbọn yìnyín dànù lórí igi, ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí èèyàn ò fi ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kí wọ́n ti Lift tó ń gbé èèyàn gòkè pa kíá ni. Tó bá wá kí wa ní Billstedt, á jáde sí bákónì lọ wo ojú ọ̀run, àwọn ọmọ mi á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀: “Onkel, hier ist kein Berg!” pé kò sí òkè níbí. Òkè wo ló wà ní Hamburg lóòótọ́? Òun náà á bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣí òkè fáwọn tó fẹ́ ṣe síkì. Ọ̀gá ní ọlidé ni, èrò ti dé, oòrùn sì ń ràn. Fọ́ọ̀mù kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ̀ṣọ́ bá ti buwọ́ lù ú, kò sẹ́ni tó lè ṣí òkè. Ọláṣùpọ̀ ò buwọ́ lù ú. Ẹni tó tó bí i lọ́mọ, ṣé kó máa kọ̀wé takò ó ni? Ó ṣí fìlà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí yẹn ni wọ́n wá sọ dẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Síbẹ̀ wọ́n gbé òdòdó wá síbi ìsìnkú, wọ́n ń pè é ní akọni. Akọni tí kò kìlọ̀! Ojú ò tì wọ́n. Fẹ̀hìntọlá ò tiẹ̀ wo òdòdó ọ̀hún. “Ezra ọmọ wa máa dàgbà, á ka ìwé yẹn,” ló sọ fún mi, “á rò pé bàbá òun ò mọṣẹ́.”

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yọ gbólóhùn pé kò kìlọ̀ yẹn kúrò nínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n ṣí òkè síbẹ̀. Ìwọ Jẹ̀lílì tó ń darí Lift, o wà níbẹ̀, o gbọ́ gbogbo ẹ̀. Nínú pálọ̀ mi lo ti sunkún sọ ọ́, àmọ́ nígbà tí mo gbé bírò fún ọ pé kí o kọ ọ́ sílẹ̀ kí o sì buwọ́ lù ú, o ní wọ́n á lé ọ níṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sí Berlin. Tí o ò bá tíì buwọ́ lùwé nígbà yẹn, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ lọ, kí ìwọ fúnra ẹ ka ìwé wọn sí Ezra létí.