Ìjà Líìgì Méjì, Láti Adelphi Dé Largo

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Sátidé yẹn tí Bàbá Calvin ti ń gbá ilẹ̀kùn yàrá mi. Òun ló ni ilé tí mo háyà yàrá sí ní Adelphi, nílùú òyìnbó níbí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò sì ṣeé fi wakọ̀ mọ́, ló fi ní kí n wa òun lọ sí Largo. Walter, àbúrò rẹ̀ ní Largo, ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Texas láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí a ò bá bá a nílé, ó lè jẹ́ pé wọn ò ní fojú kan ara wọn mọ́ láyé.

Ọ̀nà márosẹ̀ ì bá gbé wa débẹ̀ kíá. Bàbá ní òun ò gbà á, wèrè ló ń sáré níbẹ̀. La bá ń fà bí ìgbín gba Capitol Heights, iná pupa lọ́tùn-ún, iná pupa lósì. Mo ra búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹyin sí ní dọ́là mẹ́ta, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Búrẹ́dì àti àkàrà owó yẹn nílé á yó odidi agbo ilé.

Béèsìbọ́ọ̀lù ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Walter. Igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ẹni tó gbá a á sì sáré yíká títí yóò fi padà síbi tó ti gbéra. Ilé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Láyé ìgbà tí òyìnbó ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn ṣeré, àwọn dúdú dá líìgì tiwọn sílẹ̀, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ni wọ́n bá ń jí agbábọ́ọ̀lù ara wọn kó. Bàbá tó bí Calvin àti Walter ń gbá bọ́ọ̀lù ní ti ìwọ̀-oòrùn. Ti ìlà-oòrùn fi owó fà á, ó sì bá wọn lọ.

“Olè ni wọ́n!” ni Bàbá Calvin ń wí láti Adelphi. “Àbí mo purọ́?”

“Rárá o, sà.” Ẹnu mi ti bó. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, oorun ń kùn mí.

Ẹ̀yìn ìdíkọ̀ reluwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Largo ni Walter ń gbé. Àárín páálí ẹrù la ti bá a. Kò tilẹ̀ kí wa.

“Ṣé o ṣì ń pe Dádì ní ọ̀dàlẹ̀?”

“Ó sá fún líìgì tó sọ ọ́ di èèyàn!” Bàbá jágbe mọ́ ọn.

“Wọn kì í san owó rẹ̀ pé! Owó ìlà-oòrùn ni wọ́n fi tọ́ mi.”

“Wọ́n tọ́ ìwọ! Òun àti Mọ́mì lọ, ọwọ́ ìyá àgbà ni wọ́n fi èmi sí. Wọn ò padà wá mú mi.”

Ó wá yé mi pé ọ̀rọ̀ líìgì kọ́ rárá. Àmọ́ kíá ni wọ́n tún ti padà sídìí líìgì, ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù, ta ló kọ́kọ́ jalè. Ọmọ Walter ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Wọ́n sú mi pátápátá. Nílé wa, bí àgbà bá ń jà, ọmọdé á dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n ni. Mo bá nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Ó ti dákú!” Walter figbe ta. “Ẹ pe áńbúláǹsì!”

Ẹ̀gbọ́n di apá mi ọ̀tún mú, àbúrò di tòsì mú, wọ́n ń fà mí dìde, wọ́n da omi tútù sí mi lórí.

“Mi ò kú o! Mò ń bẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ji ara yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Walter ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rọra ní, “Calvin, gbogbo ìgbà tí Dádì bá fẹ́ jẹun ló máa ń bèèrè bóyá ìwọ náà ti jẹun.”

Bàbá di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú títí ọmọ Walter fi tún fọn fèrè.

Nígbà tí a ń padà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gba márosẹ̀. Èmi ti kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi: bí arúgbó bá ń jà lórí eré, kí n bi í léèrè ẹni tó fi í sílẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọ̀nà, ara mi ṣì tutù, bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mo ń rò. Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú sí mi.

“Ìwọ ńkọ́,” ó ní, “o ti jẹun?”