Ọ̀rá Fídáù Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èjìgbò níbí, tí orí mi ò tíì le tó ẹni tí í ru agbọ̀n, ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ohun tí à ń sá fún. Ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, èèpo iṣu, eérú ìdáná, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Tí òjò bá ti pa á dáadáa, tí ọdún yípo, ẹ ò ní dá ewé mọ̀ yàtọ̀ sí èèpo mọ́. Ilẹ̀ dúdú ni. Ìyá mi a kó o, a lọ dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Màsífà, ẹ̀fọ́ náà a sì máa dán bí ẹni fi òróró pa á.

Ilẹ̀ yẹn ló fi sílẹ̀ fún mi, òun náà ni mo fi ń jẹun. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin dé láti Àbíjáǹ, ó ní òun fẹ́ kí ilẹ̀ ìyá àgbà sanra bíi ti àtijọ́. Ó ní kí wọ́n kó ààtàn wa àtijọ́ wá, wọ́n sì tú u ká gbogbo oko. Ó dúdú lójú lóòótọ́. Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Àfi bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀ tí ọ̀rá ń yọrí. Ọ̀rá omi, ọ̀rá bisikíìtì, ìdérí ike. Gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ò ráyè wọlẹ̀, omi dúró, ewé ń pọ́n, ó ń rọ. Mo ṣà á títí ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, òjò mìíràn tún gbé òmíràn jáde. Ọmọ mi ń wí pé, "Màmá, pàdọ́ọ̀, ẹ má bínú." Ta ni n ó bínú sí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ló ṣe.

Láàárọ̀ àná mo fa ọ̀kan yọ, mo fi omi ṣàn án. Ojú ìyá mi ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá tí a fi pín ìpápánu níbi fídáù rẹ̀ ni, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé tí èmi náà bá wọn kọ́ ni ẹ bá báyìí. Wọ́n ní irú ọ̀rá yìí lè lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó jẹrà. Níbo ni kí n gbé e sí? Tí mo bá sun ún, ojú ìyá mi ni mò ń sun. Tí mo bá bò ó mọ́lẹ̀, òjò á tún gbé e jáde. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ti di erùpẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rá rẹ̀ ló kù, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi láàárín oko rẹ̀ tó ti kú.