Ilẹ̀ Tí Agbálẹ̀ Gbá Mọ́

Bí ọkùnrin bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó sì ń ti bárò láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, kò yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ Agbálẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ lórúnkún, ó rẹ̀ ẹ́ léjìká, ó sì rẹ̀ ẹ́ níbi tí kò ṣeé fi òróró pa. Ohun tó ń fi bárò náà kó kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, kì í sì í ṣe yanrìn ìkọ́lé. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ni. Orí òkìtì gíga kan tó wà létí oko rẹ̀ ló ti ń kó o padà sínú oko, òun àti ìyàwó rẹ̀, ṣọ́bìrì méjì, bárò kan. Ẹni tó kó iyẹ̀pẹ̀ náà lọ sórí òkìtì tẹ́lẹ̀ kò jìnnà. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ má tíì pè é ní wèrè. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, awakọ̀ katakata ni, irú èyí tó ń wó igi tó sì ń hú gbòǹgbò. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó torí iṣẹ́ náà sọdá sí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba rẹ̀. Wọ́n ní igbó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ìjọba fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di oko, wọ́n ní ọdún mẹ́ta péré ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta di méje, méje di ogún. Ìyàwó tó fi sílé wá bá a níbẹ̀. Àwọn ọmọ dàgbà lọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn, wọ́n sì ń pè é lórí fóònù ní Bàbá Ìdálẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò.

Iwájú katakata ni irin fífẹ̀ kan wà tí àwọn awakọ̀ ń pè ní abẹ. Òun ni wọ́n fi ń ti igi àti gbòǹgbò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awakọ̀ mìíràn á gbé abẹ tirẹ̀ sókè díẹ̀, á fi kùkùté àti ewé sílẹ̀ káàkiri, á ní kí òjò bá òun parí ìyókù. Tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá kọjá, adìyẹ kò ní rí nǹkan ṣà jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Agbálẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú, kò sì sí ẹni tó rántí èyí tí baba rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Olórí mẹ́ta ló ti jẹ níṣojú rẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Olórí Òwú, nítorí òwú nìkan ló fẹ́ fojú rí. Wọ́n pa igbó lọ súà, wọ́n gbin òwú. Àwọn ológun lé e kúrò lórí àga lọ́jọ́ kan, òwú sì wà lóko tí kò sẹ́ni tó ká a. Láàárín ọdún mẹ́rin, igbó ti gba ilé rẹ̀ padà. Gbogbo ọdún mẹ́rin náà, Agbálẹ̀ jókòó ti katakata, ó ń fi gírísì pa á kó má bàa dípẹtà. Ìgbà tó yá, Olórí Àgbàdo dé, ó ní òwú kò ṣeé jẹ, kí wọ́n tún igbó náà pa. Igbó kan náà! Ọkùnrin yìí wó àwọn igi tó ti wó ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ ká fún Olórí Àgbàdo ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣá. Òun ló ṣòfin pé àlejò tó bá ti bá ìjọba pa oko fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n fún un ní éékà mẹ́jọ tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ní òǹtẹ̀. Agbálẹ̀ ka ìwé náà títí ojú ibi tí wọ́n ká a fi fẹ́ já. Ní ìlú tirẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ilẹ̀ baba wọn kó tó rántí bèèrè, kò sì sí ẹsẹ̀ bàtà kan tó kù fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé nínú ayé rẹ̀ tí yóò dúró síbì kan tí kò sẹ́ni tó lè ní kó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ yá a ní katakata fún ọjọ́ Àìkú kan kó fi pa tirẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbálẹ̀ fún ìjọba, ṣé tara rẹ̀ ni yóò wá gbá ní gbàgẹ̀rẹ̀? Ó sọ abẹ kalẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ìwọ̀n ìka méjì. Ó hó ilẹ̀ náà títí ó fi pọ́n kòó. Gbogbo ohun tó hó, igi, ewé jíjẹrà, iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ó tì í kọjá èèkàn ààlà, kí òkìtì má bàa jẹ nínú éékà mẹ́jọ òun. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ náà mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó bọ́ bàtà, ó rìn ín já láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Olórí Àgbàdo wá wo oko pẹ̀lú àwọn ayàwòrán. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, orí ti Agbálẹ̀ ló lọ dúró sí. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Irú ilẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ rí jákèjádò!" Wọ́n ya àwòrán. Wọ́n fún Agbálẹ̀ ní ẹ̀dà kan, ó gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí ẹni tó bá ń jáde kò ti lè ṣàì rí i.

Ọdún mẹ́rin ni àgbàdo fi ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ náà, nítorí ìjọba ń fi ọkọ̀ kó ajílẹ̀ wá, àpò lórí àpò. Kí ni ajílẹ̀ kò lè bò mọ́lẹ̀? Ìgbà tó yá, ìbò dé, olórí kẹta sì wọlé. Òun ní kí wọ́n ṣí ẹnubodè sílẹ̀, kí ẹni tó bá ní ọjà kó o wọlé. Àgbàdo ìlú mìíràn ya wọlé, ó pọ̀, ó sì dínwó. Àwọn àgbẹ̀ ká tiwọn, kò sẹ́ni tó yà wò ó. Ajílẹ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn aládùúgbò Agbálẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igbó, wọ́n wọ ìgboro lọ wáṣẹ́ ọdẹ àti ti ọmọ ọ̀dọ̀. Òfin tuntun sì jáde: akọ̀wé ilẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ tí ìjọba pín fún èèyàn tí kò bá sí ohun ọ̀gbìn lórí rẹ̀, ìjọba yóò gbà á padà.

Àgbàdo tí Agbálẹ̀ gbìn láìsí ajílẹ̀ yọ lóòótọ́. Ó ga dé orúnkún, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Agbálẹ̀ dúró láàárín rẹ̀, ó ń ṣépè.

"Olórí wo lẹ ń ṣépè fún gan-an?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Kí n lè ṣàmín sí i."

"Gbogbo wọn! Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe. Wọ́n ti pa ilẹ̀ yìí, ìyá àwọn ọmọ."

Obìnrin náà di apá ọkọ rẹ̀ mú, ó fà á kọjá èèkàn lọ sídìí òkìtì. Hóró elégédé tí obìnrin náà dà nù síbẹ̀ nígbà tó ń se oúnjẹ ti gun òkìtì náà dé òkè, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Ẹ̀wà mélòó kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbìn ín, àwọn náà ti yọ òdòdó. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ajílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì dà á sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúdú, ó rọ̀, ó tutù.

"Bàbá wọn," ó ní, "ilẹ̀ wa kò kú. Ìta lẹ kó o jù sí."

Agbálẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ pupa lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtìjú mú un ju bó ti mú un rí láyé lọ. Ìka méjì tó fi sọ abẹ kalẹ̀ nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ ni ìka méjì tí ilẹ̀ náà fi ń jẹun. Éékà mélòó ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún láti ogún ọdún? Kò fẹ́ kà á.

"Wọ́n á gbà á," ó ní.

"Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe," ni ìyàwó rẹ̀ fi dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ mú ṣọ́bìrì.

Bí iṣẹ́ bárò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí katakata tí wọ́n lè yá mọ́. Ohun tí abẹ tì jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń fi ọwọ́ kó o wọlé fún oṣù kan, oṣù méjì. Wọ́n kọ ebè, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ dúdú lé orí ebè nìkan kó lè kárí, wọ́n sì gbin ẹ̀wà sí i. Ọwọ́ ìyàwó lé, ó bẹ́, ó tún lé. Ẹ̀yìn Agbálẹ̀ kọ̀ láti nà mọ́. Tí wọ́n bá jókòó mu tíì nídàájí, ìyàwó a kàn tì í lẹ́sẹ̀ pé ó tó, wọ́n á dìde.

Akọ̀wé ilẹ̀ dé lọ́jọ́ tó dá, tòun ti téèpù àti bàtà tó ń dán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kí wọn dáadáa. Ó rìn yípo, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀wà hù lórí éékà kan àti díẹ̀. Ìyókù éékà mẹ́jọ náà pọ́n, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ̀wà tó dára jù ni ti orí òkìtì yẹn," Agbálẹ̀ ní. "Ẹ bá mi ka ìyẹn mọ́ ọn."

"Bàbá, òkìtì ti kọjá èèkàn. Ti ìjọba ni."

"Inú ilẹ̀ mi ni iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ti jáde!"

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ kò sí nínú òfin. Ilẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ìyàwó Agbálẹ̀ ló sún mọ́ iwájú. "Ọ̀gá wa, bí iyẹ̀pẹ̀ kò bá sí nínú òfin, ṣé ẹni tó bá ń kó o kò rú òfin?"

Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, òfin kò sọ nǹkan kan," ó ní. Ó fa ìlà pupa sórí ìyókù, ó kọ ìwé tuntun fún éékà kan àti díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí bárò dé gẹ́lẹ́ ló kù fún wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ariwo katakata fi tún dé. Olórí tuntun ti rí ohun tó wù ú: òdòdó ni wọn yóò máa gbìn, bàálù yóò sì máa kó o lọ fún àwọn olówó òkèèrè. Igbó tó ti hù sórí ilẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí. Agbálẹ̀ gbọ́ ìró ẹ̀rọ, ó sì mọ̀ láìwò pé abẹ ti wọlẹ̀ jù. Ó ju bárò sílẹ̀. Ó ṣe bí ẹni ń sáré, orúnkún kò jẹ́, ó sì lọ dúró síwájú katakata, ó na ọwọ́ sókè.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wà lórí ìjókòó. Ó pa ẹ̀rọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ̀rọ kò mọ àgbà o."

"Gbé abẹ sókè! Ilẹ̀dú lò ń hó dànù yẹn!"

"Wọ́n ní kó mọ́ ni, sà."

"Ta ló ní?"

"Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́. Àwòrán kan wà lára ògiri wa, olórí àná ló dúró lórí ilẹ̀ kan. Ọ̀gá wa á fi igi tọ́ka sí i, á ní ilẹ̀ tí kò bá mọ́ tó báyìí, ká má pè é ní iṣẹ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Agbálẹ̀ ló ṣe é." Ó nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ní ó ti kú."

Ọkùnrin náà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kò tíì kú," ó ní. "Ó ń ti bárò."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo bárò tó dojú dé lẹ́yìn ọ̀hún, ó wo ebè ẹ̀wà àti ilẹ̀ pupa tó yí i ká. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dákun, n kò mọ̀."

"Dìde. Má kí mi fún ìyẹn." Ó mú un lọ sídìí òkìtì, ó ní kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó tún wá fọwọ́ kan ilẹ̀ pupa. Ọmọbìnrin náà ṣe méjèèjì. Ó yé e, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó yé e.

"Bàbá, Ọjọ́bọ̀ ni Olórí ń bọ̀ wá wò ó," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ọjọ́rú ni tiwa wá."

Ọmọbìnrin náà padà sórí ìjókòó, ó ṣáná sí ẹ̀rọ. Agbálẹ̀ dúró létí ibẹ̀. Abẹ gòkè, ó gòkè ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, katakata sì lọ gbọọrọ títí dé ìpẹ̀kun ilẹ̀. Ewé àti iyẹ̀pẹ̀ dúdú kù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀gá wọn dúró sí. Ẹnì kan yọ orí lójú fèrèsé, ó sọ̀rọ̀, ó na ìka sílẹ̀. Nígbà tí katakata yí padà láti wá gba ìlà kejì, abẹ ti wọlẹ̀.

Agbálẹ̀ kò bínú sí i. Bí òun ló wà lórí ìjókòó yẹn lọ́mọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun kì bá tilẹ̀ gbé abẹ sókè fún ìlà kan.

"Bàbá wọn!" ìyàwó rẹ̀ pè é láti ìdí òkìtì. Ó ti gbé bárò náà dìde, ó sì ti bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. "Ó ti kún o."

Ó lọ, ó tutọ́ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e.