Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Tí Mo Gbà Lọ Lu Agogo

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó kan díẹ̀ bí ọtí, ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé iwájú ilé Màmá Oníkòkó, àti pé wàhálà òwúrọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Màmá á ti tẹ́ ẹní síta, á máa fọwọ́ da kòkó rẹ̀ káàkiri. Mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Kí n tó dìde, ìbéèrè ti dé: "Ṣé ulé dáa? Yèyé rẹ ńkọ́? Àbúrò rẹ tó ń wúkọ́ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ó rí yèyé mi nírọ̀lẹ́ àná! Tí mo bá bọ́ níbẹ̀, ó ku bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó ku ìyàwó kátíkíìsì, ó ku gbogbo ẹni tó bá ń rún pákò lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú Ìdó ò tóbi nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Tí n kò bá sì kí ẹnìkan, ìròyìn á ti délé ṣáájú mi. Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ènìyàn laṣọ mi." Kí n sọ tòótọ́, aṣọ yẹn ń yún mi lára.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, nǹkan kan ṣoṣo ni mo sì ń fẹ́ láyé: kí n lu agogo iléèwé wa. Ríìmù mọ́tò àtijọ́ ni, wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni Tíṣà ń jẹ́ kó lù ú. Báwo ni ẹni tó ń kúnlẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà ṣe fẹ́ kọ́kọ́ dé ibi kankan?

Lọ́jọ́ kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ìrì rin aṣọ mi gbindin. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Nígbà tó tó àkókò, Tíṣà fi irin lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè báyìí ni mo rí ìyá mi lẹ́nu géètì, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé ìgò àgbo dání. Màmá Oníkòkó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"A ò rí i kó kọjá!" ni Màmá ń pariwo fún Tíṣà. "Mo ní ara ọmọ yìí ò yá ni!"

Ìyá mi fọwọ́ kan ọrùn mi, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, kò gbóná. Ó ní kí n ṣáà mu àgbo náà, wọ́n ti sè é. Níṣojú gbogbo iléèwé! Ibi tí mo ti ń gbé e mì tipátipá ni ọmọ mìíràn ti lu agogo mi. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Mo ti di tíṣà fúnra mi báyìí, nínú ìlú yìí kan náà. Màmá ti darúgbó, kì í sá kòkó mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó síta, ó ṣì ń dá ọ̀kadà tó gbé mi dúró láti bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àga rẹ̀ ṣófo. Kò sẹ́ni tó pè mí. Inú mi dùn títí a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà àyà mi já. Mo ní kí ọlọ́kadà yí padà.

Mo kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí olè ń lé. Màmá yọjú, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló dé? O rò pé mo kú ni?" Lẹ́yìn náà: "Ará ulé ńkọ́?" Mo kúnlẹ̀, ó sì béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo dé iléèwé, wọ́n ti lu agogo. Àwọn ọmọ tí mo máa ń bá wí pé wọ́n pẹ́ ń yọjú wò mí lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gba ẹ̀yìnkùlé yẹn gbọ́n jù mí lọ. Òun kò bojú wẹ̀yìn.