Ògbufọ̀ Tó Ti Ẹ̀gbọ́n Mi Sójú Ogun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń bá ìyá mi bẹ ẹ̀gẹ́ lábúlé wa lọ́nà Ìjàyè, rédíò kan ṣoṣo la ní, ti bàbá tó ń ra kòkó. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pín abúlé sí méjì. Àwọn kan ní kí ìjọba fìbọn kó àwọn tó fẹ́ ya kúrò lára orílẹ̀-èdè wa padà. Bàbá mi àtàwọn míì ní ara wa ni wọ́n, kí wọ́n jókòó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí olórí ìjọba fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wa kóra jọ síwájú ilé bàbá oníkòkó. Èdè òyìnbó ló ń sọ, ni wọ́n bá ní kí ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan! Ọkùnrin yìí ò mọ bá a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìsọ ọ́ di ìwàásù. Olórí ìjọba á sọ ẹyọ kan jẹ́jẹ́, òun á sọ ọ́ di mẹ́wàá, á máa fò, á máa làágùn. Àwa náà, bó ṣe mọ́ wa lára, "Àmín!" là ń ké, Mùsùlùmí àárín wa náà ń ké e. À ń ṣe àmín sógun, ẹ gbà mí!

Ló bá pariwo pé olórí ìjọba ní ọkùnrin tó bá jókòó sílé, obìnrin ni. Irọ́ ni. Tíṣà wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sóhun tó jọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dìde pé òun ń lọ sógun, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá mi bí. Bàbá mi pàápàá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ àlàáfíà lábúlé wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ lọ́rì àwọn sójà ní Mòníyà, kò padà wálé. A ò rí aṣọ rẹ̀ pàápàá. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ògbufọ̀ ní, ebè iṣu ni wọ́n ń kọ lóko bàbá wọn.

Mi ò dárí ji olórí ìjọba yẹn, ṣùgbọ́n òun ò mọlé wa. Ògbufọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ló máa ń gbé ọbẹ̀ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ògbufọ̀ darúgbó, tí èmi náà ti di ìyá ìjọ, ó wá bá mi. "Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí ló gbé mi."

Mo ní, "Ẹ̀mí wo, bàbá? Ṣé kò mọ ọ̀nà oko táwọn ọmọ yín wà ni?" Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ààrẹ ń bọ́ sínú fóònù yín tààrà, ẹ ti ń bú ara yín kó tó sọ ọ́ tán. Ẹ máa béèrè ibi tọ́mọ ẹni tó ń pè yín sógun wà. Tó bá wù yín, ẹ dárí jì wọ́n. Ní tèmi, mo lọ síbi ìsìnkú ògbufọ̀. Mo dúró títí wọ́n fi bò ó tán, kó lè dá mi lójú pé kò ní bá ọmọ ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.