Ìgbín Ṣì Wà Létí Odò

Ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko ni Àṣìkẹ́ fi rán ẹnu àpò ní ọjà Owódé, nítòsí bọ́dà. Gàrí tó ń lọ sọ́hùn-ún, àgbàdo tó ń bọ̀ níhìn-ín, ẹ̀wà, ata gbígbẹ, kò sí èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Abẹ́rẹ́ náà gùn ju ìka àárín lọ, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Bí alábàárù bá gbé àpò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kó tó nu òógùn ojú tán, ẹnu àpò ti pa dé. Wọ́n a máa bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Túnbọ̀sún, ẹ má rán ìka wa mọ́ ọn o!" Òun náà a ní, "Ìka tó ń bu gàrí oníbàárà jẹ ni n óò kọ́kọ́ rán."

Kò kàwé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó fi rán àpò yẹn náà ló fi rán Túnbọ̀sún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nílé ìwé, títí ọmọ fi di tíṣà ní Ìlaròó. Kò sí ọjọ́ tí Àṣìkẹ́ kì í dúpẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú ọdún àrùn Kòrónà, lóṣù kẹjọ, ìròyìn dé pé ìjọba ti bọ́dà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, àwọn èèyàn rò pé eré ni. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, àgbàlá tí Àṣìkẹ́ ti ń rán àpò dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Adìẹ nìkan ló kù tó ń ṣa gàrí ìjẹta jẹ nílẹ̀. Ó jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, kò rí àpò kan ṣoṣo rán. Ló bá gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ èjìká bùbá, ó wọkọ̀ padà sílé ní Òkè-Ọ̀dàn.

Túnbọ̀sún wá kí i lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má dààmú ara yín. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni yín. Ẹ kàn gbà pé ẹ ti fẹ̀yìntì ni."

"Mo fẹ̀yìn ti kí ni?"

"Ẹ fẹ̀yìn ti iṣẹ́ ni, ìyá mi."

"Iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì? Bí mo bá fẹ̀yìn tì í, ṣé kò ní wó lù mí?"

Túnbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìsinmi náà kò mọ́ Àṣìkẹ́ lára. Bó bá jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ a máa rán afẹ́fẹ́. Ó ń gbálẹ̀ àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, títí ará ilé kejì fi béèrè bóyá àlejò ńlá kan ń bọ̀. Láràárọ̀ ló sì ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ èjìká bùbá, bí ẹni tí wọn yóò wá pè láìpẹ́.

Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe àpò. Lábísí ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ́kọ sí Sákétẹ́, lápá ọ̀hún bọ́dà. Lóṣooṣù ni Lábísí máa ń wá sí Owódé, yóò jókòó sórí àpò tí àbúrò rẹ̀ ti rán tán, wọn yóò sì jọ tàkúrọ̀sọ títí ọjọ́ yóò fi rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, oṣù mẹ́rin, Àṣìkẹ́ kò gbọ́ pé ó wà, kò gbọ́ pé kò sí. Ẹsẹ̀ sì ń yọ ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́nu nígbà tí wọ́n fojú kanra kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí tí ilé ìwé fi gba ìsinmi Kérésìmesì, tí Túnbọ̀sún kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá bá ìyá rẹ̀: Ìdùnnúolúwa, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, àti Wisdom, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, iná ọba kò sí, fóònù tí wọ́n fi ń wo fíìmù ti kú, òṣùpá sì yọ rokoṣo. Ìdùnnúolúwa ní, "Màmá, ẹ pàlọ́ fún wa."

Inú Àṣìkẹ́ dùn. Ta ló rò pé wọ́n ṣì ń béèrè?

Ó ní, "Ìgbín ni mo fẹ́ pàlọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìgbín bímọ sí òdìkejì odò, ìgbín sì ń lọ síbi ìkómọ. Ó rìn, ó rìn, ó dé etí odò, ó bá alákàn tó na ọwọ́ méjèèjì dínà. Alákàn ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.' Ìgbín ní, 'Ilé mi nìyí, kì í ṣe ẹrù.' Alákàn ní, 'Ohun tí o bá ti rù, ẹrù ni.' Ni ìgbín bá fi orin sẹ́nu, ó ní..."

Àṣìkẹ́ la ẹnu. Orin kò jáde. Ó tún un là. Ègbè nìkan ló rántí: *Ìgbín ń bọ̀, wọ́rọ́.* Ìyókù kò sí níbẹ̀, bí ẹni ki ọwọ́ bọ ìkòkò tó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gbígbẹ.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìyá wọn ló pín in bẹ́ẹ̀: Àṣìkẹ́ ló ni ọ̀rọ̀, Lábísí ló ni orin. Ohùn Lábísí a máa pe ará ilé kẹta wá sí àgbàlá. Ti Àṣìkẹ́ sì dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Wọ́n jọ ń pa á ni. Ó sì ti pẹ́ tó ti gbàgbé pé ìdajì àlọ́ ló wà lọ́wọ́ òun.

"Màmá, ṣé ìgbín ò ní kọjá mọ́ ni?" Wisdom ló béèrè.

"Yóò kọjá."

"Nígbà wo?"

"Ẹ lọ sùn ná."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Wisdom fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ìgbín ti kọjá?"

"Ó ṣì wà létí odò."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Ìdùnnúolúwa ní, "Màmá, ẹ kàn sọ pé ó kọrin, kó máa lọ." Àṣìkẹ́ ní, "Láìkọ ọ́? Alákàn wo ló máa yà lọ́nà fún ẹni tí kò kọrin?" Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ewé ìbẹ́pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wisdom ló fi í síbẹ̀, kí ebi má baà pa ìgbín níbi tó ti ń dúró.

Ewé yẹn ni Àṣìkẹ́ wò tó fi gbé gèlè. Kì í ṣe orin nìkan ló ń wá. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti lọ, ọjọ́ náà ni yóò mọ̀, ìgbín yóò sì wà létí odò títí ayé. Ẹ̀rù yẹn ni kò ti jẹ́ kó béèrè láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀dọ̀ Mùnírù ló gbà lọ. Mùnírù ti jẹ́ alábàárù ní Owódé kí wọ́n tó ti bọ́dà. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ló wá gbé kalẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì bọ́dà ti ń wọlé dáadáa, Mùnírù sì ní fóònù tó ń gbà á, àti nọ́ńbà ilé Lábísí.

"Ìyá aránpò!" ni Mùnírù fi pàdé rẹ̀. "Àpò ta lẹ tún fẹ́ rán?"

"Rárá, ẹnu ni mo fẹ́ tú lónìí. Ọmọ dáadáa, bá mi pe ilé Lábísí. Kí o sì paná ẹ̀rọ rẹ."

Àwọn obìnrin mẹ́rin tó gbé agbada ẹ̀gẹ́ dúró pariwo. "Háà, Ìyá Túnbọ̀sún! Ẹ̀gẹ́ wa ńkọ́?"

"Ẹ̀gẹ́ yín kò ní sá lọ."

Fóònù dún, ó dún, ó dún. Ohùn obìnrin kékeré kan gbé e, ìyàwó ọmọ Lábísí tí Faransé ti wọ̀ lẹ́nu, ó sì fi èdè náà béèrè ẹni tó ń pè: "Alóò! Sé kì?"

Àṣìkẹ́ kígbe pé, "Ṣé kí n kí i ni? Kí ló tún kù bí kò ṣe kí n kí i! Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Wọ́n gbé fóònù fún ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Nǹkan gbá nǹkan. Lẹ́yìn náà, ohùn àgbà kan, tó tinrin bí òwú: "Ta nìyẹn?"

Àṣìkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi Àṣìkẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àṣìkẹ́ tó ń rán àpò?"

"N ò rán àpò mọ́. Túnbọ̀sún ní mo ti fẹ̀yìntì."

"O fẹ̀yìn ti kí ni?"

Àṣìkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun o! Ẹ wà láàyè lóòótọ́. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀. Ó kàn rò pé òun ni ọ̀gá ilé báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, orin ìgbín, èyí tó kọ fún alákàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi."

"Lọ́sàn-án gangan?" Ohùn tinrin náà le lójijì. "Ta ní ń kọrin àlọ́ lọ́sàn-án? Ṣé o fẹ́ kí ìyá wa kú ni?"

"Ìyá wa ti kú láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Àwa náà kò ti di ìyá? O fẹ́ kí n kú torí ìgbín? Pè mí bí oòrùn bá wọ̀." Ó pa fóònù.

Mùnírù wo Àṣìkẹ́, Àṣìkẹ́ wo oòrùn. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń dúró. Mùnírù tan ẹ̀rọ, ó rin gbogbo ẹ̀gẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn obìnrin yẹn tó gbé agbada rẹ̀ lọ sílé. Àwọn náà fẹ́ gbọ́ bí alákàn ṣe yà lọ́nà.

Bí oòrùn ti rì sẹ́yìn igbó ní apá Sákétẹ́, Mùnírù paná ẹ̀rọ, ó sì pè. Lábísí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e:

*Odò, jẹ́ n rọra kọjá,*
*Ìgbín ń bọ̀, wọ́rọ́.*
*Ẹ̀gbọ́n mi bímọ sókè odò,*
*Ìgbín ń bọ̀, wọ́rọ́.*
*N ò jí, n ò gbé, n ò sá,*
*Ìgbín ń bọ̀, wọ́rọ́.*
*Ilé ni mo rù, kì í ṣẹrù,*
*Ìgbín ń bọ̀, wọ́rọ́.*
*Ibi ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ̀yìn tì í,*
*Ìgbín ń bọ̀, wọ́rọ́.*

Nígbà tó fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ti ń gbe ègbè, Mùnírù sì ń lu ìdí garawa.

Lábísí ní, "Ṣé o gbọ́ ibi tí ìgbín fẹ̀yìn tì?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o."

Bí Àṣìkẹ́ ti ń lọ sílé, ẹni tó bá kí i lọ́nà, orí ló fi ń dá a lóhùn, kí orin má baà jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ ti jẹun, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí ìta. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri tí oòrùn ọ̀sán ṣì gbóná lára rẹ̀. Wisdom wá fẹ̀yìn tì í lápá kan, Ìdùnnúolúwa wá fẹ̀yìn tì í lápá kejì. Ó rántí abẹ́rẹ́ tó wà ní èjìká bùbá rẹ̀, kó má baà gún ọmọ lórí. Ó yọ ọ́, ó gún un mọ́ igi fèrèsé tó wà lókè orí rẹ̀, ó fi í síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ tẹ́tí. Ìgbín ti rí orin rẹ̀."

Ó kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àwọn ọmọ gbe ègbè. Orin wọ alákàn lára, ó gbàgbé pé òun ń dínà, ó ń jó, ó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ọ̀nà fi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti ọjọ́ náà ni alákàn kò ti mọ ọ̀nà iwájú í rìn mọ́. Ìgbín sì kọjá, wọ́rọ́wọ́rọ́, tòun ti ilé rẹ̀ lẹ́yìn.

Wisdom mí kanlẹ̀. "Ṣé ó bá ìkómọ náà?"

"Ó pẹ́ kó tó dé. Àwọn àlejò ti lọ, oúnjẹ sì ti tán nínú ìkòkò," ni Àṣìkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bu tirẹ̀ pamọ́ dè é."